Bí Dísìkì Àtijọ́ Ṣe Lè Rí Iṣẹ́ Ṣe Nínú Kọ̀ǹpútà Tuntun

Bí èèyàn bá ń to kọ̀ǹpútà tuntun, ara motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan ń so mọ́), CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) àti RAM (ibi tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí fúngbà díẹ̀) ni owó máa ń tán sí. Tó bá wá kan ibi tí fáìlì máa gbé, ojú á yí sí ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá: ṣé dísìkì inú rẹ̀ ò ní wúlò ni? Lọ́pọ̀ ìgbà, á wúlò dáadáa. Èmi kì í jẹ́ kí dísìkì tó ṣì lókun jókòó lásán nínú dúrọ́ọ̀. Àmọ́ mo ní òfin kan tí mi ò yà kúrò nínú rẹ̀: dísìkì àtijọ́ lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni ohun pàtàkì wà. Iṣẹ́ tí a máa fún un gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó jẹ́ pé bó bá kú lóru òní, a kàn máa ra òmíràn ni, ẹnikẹ́ni ò ní sunkún.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa dáadáa, màá fi dísìkì mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ mi ṣe àpẹẹrẹ. Àkọ́kọ́ ni háàdì dísìkì ńlá, 3.5 íǹṣì, 2 TB, tó wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tẹ́lẹ̀. Èkejì ni háàdì dísìkì kékeré, 2.5 íǹṣì, 500 GB, tí mo yọ nínú laptop. Ẹ̀kẹta ni SSD, ìyẹn dísìkì tí kò ní àwo tó ń yí, tó ń lo SATA (ẹnu wáyà tí ọ̀pọ̀ dísìkì fi ń so mọ́ motherboard), 240 GB. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣí tí mo bá so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ. Ìyẹn ò ní kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ fún iṣẹ́ kan náà.

Irú èwo ló wà lọ́wọ́ yín?

Ọdún 2003 ni SATA jáde, ẹnu wáyà rẹ̀ ò sì tíì yí padà títí dòní. Èyí tí fáìlì ń gbà kọjá tín-ín-rín, irin méje ló wà lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó ń gbé iná wá fẹ̀ jù ú lọ, irin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀. Dísìkì SATA ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn á wọ motherboard tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láìsí wàhálà. Tí ẹ bá rí wáyà pẹlẹbẹ tó fẹ̀, tó ní ihò bí ogójì, IDE nìyẹn. Motherboard òde òní ò ní àyè fún un mọ́. Ẹ wá ohun èlò tó ń so IDE mọ́ USB, ẹ da ohun inú rẹ̀ kọ, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi.

M.2 ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù. SSD onípátákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, èyí tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ ní mìlímítà 22, ó sì gùn ní 80. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀yà méjì ló wà, SATA àti NVMe (èyí tó yára jù), àwọn méjèèjì sì jọra bí ìbejì. Ẹ wo ẹnu rẹ̀: tí gé kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, NVMe ló sábà máa ń jẹ́, tó bá jẹ́ gé méjì, SATA ló sábà máa ń jẹ́. "Sábà" ni mo wí, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ó tó dá yín lójú. Ọ̀pọ̀ motherboard tuntun ní ihò M.2 tí kì í gba SATA rárá: dísìkì náà á wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ BIOS (ètò inú motherboard tó ń jí ẹ̀rọ) ò ní rí i.

Ẹ ṣí ìwé ìlànà motherboard yín sí ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ibi ìpamọ́, kí ẹ kà á tán. Lórí ọ̀pọ̀ pátákó, bí ẹ bá ti fi nǹkan sínú ihò M.2 kan, ihò SATA kan tàbí méjì á kú, torí pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Ẹni tí kò kà á á máa rò pé dísìkì àtijọ́ òun ti bàjẹ́.

Ní ti eré sísá, háàdì dísìkì tó ń yí ní ìgbà 7200 ní ìṣẹ́jú kan lè ka fáìlì ńlá ní nǹkan bí 150 sí 250 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD onírú SATA ń ṣe bí 550. NVMe lórí PCIe 3.0 (PCIe ni ọ̀nà tí NVMe ń gbà bá motherboard sọ̀rọ̀) ń sún mọ́ 3500, ti PCIe 4.0 sì ń sún mọ́ 7000. Àmọ́ ibi tí háàdì dísìkì ti máa ń rẹ̀ gan-an ni fáìlì kéékèèké tó fọ́n ká, èyí tí Windows ń kà lọ́pọ̀ yanturu nígbà tó bá ń ṣí. Orí abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sáré kiri lórí àwo ni, iyára rẹ̀ sì lè já sí MB kan tàbí méjì péré. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbà kí ẹnikẹ́ni fi Windows tàbí Linux (ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ) sórí háàdì dísìkì nínú ẹ̀rọ tuntun. Ẹ ra SSD tuntun fún ìyẹn, bó tilẹ̀ kéré. Àtijọ́ á máa ṣe ìyókù.

Kí ẹ tó tú ẹ̀rọ àtijọ́ palẹ̀

Ibí yìí ni mo ti ń bẹ àwọn èèyàn jù. Nígbà tí ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì ń tàn, gbogbo nǹkan ló rọrùn. Tí ẹ bá ti tú u, tí motherboard rẹ̀ sì ti lọ, àwọn nǹkan kan wà tí ọwọ́ yín ò ní tẹ̀ mọ́ láé.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà. Ẹ da gbogbo ohun tó ṣe yín lóore sórí dísìkì mìíràn, kí ẹ sì ṣí díẹ̀ wò níbi tí ẹ dà á sí: fọ́tò mélòó kan, fídíò kan, ìwé kan. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ hàn lè má ṣí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Windows máa ń fi BitLocker, ètò ìtìpa rẹ̀, ti dísìkì pa, pàápàá lórí laptop, nígbà míì láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i lójoojúmọ́ wà nínú TPM (ṣíìpù tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́), inú ẹ̀rọ àtijọ́ náà ni TPM yìí sì wà. Bí dísìkì bá ti dé inú ẹ̀rọ míì, ó máa béèrè nọ́ńbà ìgbàpadà tó jẹ́ díjíìtì 48. Ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà yìí ti pàdánù ohun tó wà níbẹ̀, kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tó lè gbà á padà fún un. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ:

manage-bde -status

Tí ó bá sọ pé ó wà ní títì, èyí ló máa fi nọ́ńbà náà hàn yín:

manage-bde -protectors -get C:

Ẹ kọ ọ́ sórí bébà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá kí ẹ tó yọ ọ́, pẹ̀lú manage-bde -off C:, kí ẹ sì dúró títí tí -status á fi sọ pé ó ti tú tán. Ó lè gba wákàtí mélòó kan, ẹ jẹ́ kó gbà á. Ti LUKS lórí Linux àti VeraCrypt, tí àwọn náà ń ti dísìkì pa, kò le báyẹn, páàsìwọ́ọ̀dù yín á ṣí wọn lórí ẹ̀rọ èyíkéyìí. Mac tó ní ṣíìpù T2, àti gbogbo Mac tó ń lo ṣíìpù tí Apple ṣe fúnra rẹ̀, kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀: inú Mac náà ni kí ẹ ti da nǹkan yín kọ, torí ẹ̀rọ míì ò lè kà á.

Bákan náà ni RAID, ìyẹn dísìkì mélòó kan tí a so pọ̀ bí ọ̀kan, tí BIOS motherboard dá sílẹ̀. Dísìkì méjì tó wà nínú irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ lè dé orí motherboard tuntun kí ó dà bíi pé òfìfo ni wọ́n. Ẹ da ohun inú wọn kọ kí ẹ tó tú wọn ká.

Ó ku bí ẹ ṣe máa pa ẹ̀rọ náà. Láti ìgbà Windows 8 ni Fast Startup ti wà, èyí tí kì í jẹ́ kí Windows kú tán tí ẹ bá pa á. Dísìkì tí ẹ yọ nírú ipò yẹn ṣì gbà pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́, Linux lè kọ̀ láti kọ nǹkan sórí rẹ̀. Ẹ fi àṣẹ yìí pa á ní àpatán:

shutdown /s /t 0

Ẹ bi í léèrè bí ara rẹ̀ ṣe le tó

Gbogbo dísìkì SATA ló ń kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ohun tí wọ́n ń pè ní SMART. Lórí Windows, CrystalDiskInfo ni mo fi ń kà á. Lórí Linux, ẹ fi smartmontools sórí ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ smartctl -a /dev/sdb, kí ẹ fi orúkọ dísìkì yín rọ́pò sdb.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "PASSED" tàbí "Good" tó wà lókè tẹ́ yín lọ́rùn. Ó lè wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí dísìkì máa kú. Àwọn ìlà tí mo máa ń wò kò pọ̀. 05 ni iye sẹ́kítọ̀ (àwọn ìpín kéékèèké tí dísìkì ń kọ nǹkan sí) tó ti bàjẹ́ tí dísìkì sì ti fi èyí tó wà ní ìpamọ́ rọ́pò. C5, tí smartctl ń pè ní 197, ni iye èyí tí kò rí kà, tó ṣì ń ṣiyè méjì lé lórí. C6, ìyẹn 198, ni èyí tó ti gbìyànjú tí kò sì ṣeé kà. Ilé iṣẹ́ Backblaze, tó ti ń gbé àkọsílẹ̀ àwọn dísìkì rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé láti 2013, ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, pẹ̀lú 187 àti 188, sí àwọn àmì tí wọ́n ń ṣọ́ jù. Lójú tèmi, òdo ló yẹ kí ẹ rí nínú 05, C5 àti C6.

Ohun kan wà tí CrystalDiskInfo ń ṣe tó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Bó ṣe wà látilẹ̀, hexadecimal (òǹkà tó ń lo ìpìlẹ̀ 16 dípò 10) ló fi ń kọ àwọn nọ́ńbà rẹ̀. Háàdì dísìkì kékeré mi ń fi 30 hàn ní ìlà 05, àmọ́ 48 ni ìyẹn. Ẹ lọ sí Function, Advanced Feature, Raw Values, kí ẹ yan 10 [DEC], gbogbo rẹ̀ á sì wá di nọ́ńbà tí a mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí. Dísìkì 2 TB ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 31,400, bí ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá pa á rárá. Ọjọ́ orí ti ń dé sí i, àmọ́ 05, C5 àti C6 rẹ̀ jẹ́ òdo. C7 rẹ̀ nìkan ló jẹ́ 212. C7 ò sọ pé àwo dísìkì bàjẹ́: ohun tó ń kà ni àṣìṣe tó wáyé lójú ọ̀nà láàárín dísìkì àti motherboard, wáyà ló sì sábà máa ń fà á. Mo pààrọ̀ wáyà, nọ́ńbà náà ò sì kúrò ní 212 mọ́. Kì í lọ sílẹ̀ o, kó ṣáà má gòkè sí i ni à ń wá. Ọ̀pọ̀ dísìkì tó lera ni wọ́n ti sọ nù nítorí wáyà.

Dísìkì 500 GB ní 48 nínú 05 àti 16 nínú C5. Ìyẹn ń sọ fún mi pé àìsàn náà ṣì ń lọ lọ́wọ́. SSD ṣẹ́ ku ìlera ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó dára púpọ̀.

Tí nọ́ńbà bá mọ́, ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ tẹ smartctl -t long /dev/sdb, kí dísìkì lè ka gbogbo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó máa gba wákàtí mélòó kan fún 2 TB, ẹ lè jẹ́ kó ṣe é mọ́jú. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tún ka SMART lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ibẹ̀ ni C5 tó fara pamọ́ ti ń yọjú.

Àmọ́ tí dísìkì bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, tàbí tí C5 rẹ̀ ti pọ̀, tí ohun tí ẹ ò ní ẹ̀dà rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ẹ má dán ìdánwò kankan wò. Gbogbo ìṣẹ́jú tó fi ń yí ló ń ná ẹ̀mí tó kù fún un. Ẹ gbà á là ní kíákíá pẹ̀lú ddrescue lórí Linux:

ddrescue -n /dev/sdb atijo.img atijo.map
ddrescue -d -r3 /dev/sdb atijo.img atijo.map

Ti àkọ́kọ́ á kó gbogbo ibi tó rọrùn, á sì fo ibi tó le. Ti ìkejì á wá padà lọ gbógun ti ibi tó le. Fáìlì .map ló ń rántí ibi tó dé; bí iná bá lọ, orúkọ kan náà ni kí ẹ lò kó lè tẹ̀síwájú. Ẹ rí i pé orí dísìkì míì tó ní àyè tó ni fáìlì .img ń lọ.

Sísopọ̀

Ẹ fi SSD tuntun nìkan sínú ẹ̀rọ kí ẹ tó gbé Windows sí i. Ẹ má tíì so èyíkéyìí nínú àwọn àtijọ́ mọ́ ọn. Bí Windows bá rí dísìkì àtijọ́ tó ti ní ìpín EFI (ibi tí ohun tó ń jí ẹ̀rọ máa ń wà), ó lè fi ohun tó ń jí ẹ̀rọ sórí ibẹ̀, kó sì fi ara rẹ̀ sórí tuntun. Gbogbo nǹkan á máa lọ dáadáa títí di ọjọ́ tí ẹ bá yọ àtijọ́. Ọjọ́ náà ni tuntun ò ní jí.

Èyí tó tẹ̀ lé e yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Tí power supply yín (àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ) bá jẹ́ irú èyí tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ, àwọn wáyà tó bá a wá nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má yọ wáyà SATA ti power supply àtijọ́ wá so mọ́ tuntun nítorí pé ẹnu rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹnu tó kan dísìkì bára mu níbi gbogbo, àmọ́ kò sí òfin kan tó de ẹnu tó kan power supply, oníkálukú ló ń to tirẹ̀. Iná 12 volt lè gba ibi tí ó yẹ kí 5 volt gbà, dísìkì á sì jóná lójú ẹsẹ̀, tòun ti gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Ìyókù ò le. Síkúrù 3.5 íǹṣì nípọn ju ti 2.5 íǹṣì lọ, ẹ má fipá wọ̀ ọ́. Ẹ dè é dáadáa kó má máa gbọ̀n, ẹ má sì gbé àpótí kọ̀ǹpútà kiri nígbà tí háàdì dísìkì bá ń yí. Tí ẹ bá tú dísìkì yọ nínú àpótí USB, tó sì kọ̀ láti yí nínú ẹ̀rọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin kẹta ẹnu iná ló ń dá a dúró: lára àwọn dísìkì tuntun kan, 3.3 volt tó bá gba ibẹ̀ ń sọ fún un pé kó máa sùn. Power supply tí kì í gbé 3.3 volt síbẹ̀ á jí i.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá ṣí

Ẹ tẹ diskmgmt.msc, ètò Windows tó ń fi gbogbo dísìkì hàn. Tí Windows bá ní òun fẹ́ "Initialize" dísìkì tí ẹ mọ̀ pé nǹkan wà nínú rẹ̀, ẹ kọ̀ ọ́ fún un. Kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni, tí ẹ bá sì gbà fún un, ó máa kọ tirẹ̀ lé e lórí. Bí ẹ bá rí "Offline", ó lè jẹ́ pé ẹ ti fìgbà kan ṣe àdàkọ dísìkì náà pátápátá, tí méjèèjì wá ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún, kí ẹ yan Online. Bí fódà àtijọ́ yín bá sọ pé ẹ ò ní àṣẹ láti wọlé, ẹ tẹ Continue. Àkáǹtì ẹ̀rọ àtijọ́ ló ṣì ń jẹ́ olúwa rẹ̀.

Ẹ má gbìyànjú láti máa lo Windows àtijọ́ tó wà lórí rẹ̀. Tí ẹ bá ti da gbogbo nǹkan kọ, tí ẹ sì ti ṣí wọn wò, ẹ pa á rẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Nínú diskpart:

list disk
select disk 2
clean
convert gpt
create partition primary
format fs=ntfs quick
assign

Ẹ fara balẹ̀ ní ìlà kejì. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ 2 lọ́dọ̀ yín, ẹ fi bí wọ́n ṣe tóbi dá wọn mọ̀. Clean kì í béèrè ìbéèrè kankan, ojú ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Mo kọ GPT, ìlànà tuntun fún pípín dísìkì, síbẹ̀ nítorí pé MBR, ìlànà àtijọ́, kò lè lo kọjá nǹkan bí 2 TB.

Iṣẹ́ tí mo fún wọn

SSD 240 GB ni mo fi eré ìdárayá sí, àti fáìlì tí ètò fídíò ń kọ tó sì ń pa rẹ́. Bí ó bá kú, gbogbo rẹ̀ ṣeé gbà wọlé padà. SSD àtijọ́ tún dára fún Linux tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ láìfọwọ́ kan Windows yín. Ohun tí mi ò ní fi SSD tó ti gbó ṣe ni ibi ìpamọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ìlànà JEDEC, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, fún SSD tí aráàlú ń lò ni pé, lẹ́yìn tó bá ti lo iye ìkọsílẹ̀ tí wọ́n dá fún un tán, kó ṣì lè rántí ohun tó wà níbẹ̀ fún ọdún kan láìsí iná, ní ìwọ̀n ooru 30°C. Háàdì dísìkì ló dára jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Dísìkì 2 TB ni ẹ̀dà kejì. Lálaalẹ́ ni fọ́tò àti ìwé ń ti orí SSD tuntun lọ síbẹ̀. Àgbà ni lóòótọ́, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí ojúlówó wà níbòmíràn, kò sí iṣẹ́ tó bá a mu ju èyí lọ. Ẹ̀dà kẹta wà lórí dísìkì míì tí kì í gbé inú ẹ̀rọ yẹn.

Dísìkì 500 GB kò rí iṣẹ́ gbà. Mo da ohun inú rẹ̀ kọ, mo fi clean all nínú diskpart kọ òdo sí gbogbo ara rẹ̀, mo sì yà á sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń tún irin ẹ̀rọ lò. Ẹ má fi clean all ṣe ti SSD. Ẹ wá Secure Erase nínú BIOS tàbí nínú ètò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é gbé jáde.

Ó máa ń wu àwọn kan láti so dísìkì àtijọ́ mẹ́ta pọ̀ kó dà bí ọ̀kan ńlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Nínú RAID 0 tàbí spanned volume, bí èyí tó lera jù nínú wọn tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ikú ẹyọ kan ló máa kó gbogbo wọn lọ. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n hàn bí fódà kan lórí Linux, mergerfs dára jù, torí pé fáìlì kọ̀ọ̀kan ṣì wà ní odidi lórí dísìkì tirẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo máa ń lẹ bébà kékeré mọ́ ara dísìkì: oṣù àti ọdún tí mo so ó, wákàtí tó ti lò, àti nọ́ńbà 05. Lóṣooṣù, mo ń ṣí CrystalDiskInfo, mo sì ń fi wé ohun tó wà lórí bébà. 05 tó dúró sójú kan lórí dísìkì tó kàn ń gba ẹ̀dà, mo lè fara dà á. Tó bá ti gòkè láti oṣù kan sí èkejì, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ń wá èyí tó máa rọ́pò rẹ̀, nígbà tó ṣì ń ṣí.